Ìṣó Abẹ́ Kántà

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀: mo fara mọ́ òfin ọ̀rá yẹn. Nígbà tí káńsù lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé láti ọjọ́ kìíní oṣù, ṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọdọ̀ di ọjà sínú ọ̀rá fún oníbàárà mọ́, gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nídìí kántà ló ń ráhùn, èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́. Ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀rá búlúù tí wọ́n kọ orúkọ sí gàdàgbà, òun ló dí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa ní ọdún méjì sẹ́yìn tí omi fi yalé, tó ba bẹ́ẹ̀dì èmi àti ti àbúrò mi jẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi fà á jáde nínú ẹrẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló ń pín in fún àwọn èèyàn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra òfin. Èèyàn ni mo ń bá jà.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń jókòó sídìí kántà kẹta, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà ló sọ mí ní Àǹtí Kíákíá. Ọwọ́ ọ̀tún á ti ọjà kọjá lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dún píì, kó tó dún tán, ọwọ́ òsì ti nà sókè, ó ti já ọ̀rá kan lára ìkọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀rá ti là. Mi ò kì í wò ó rárá. Ojú oníbàárà ni ojú mi máa ń wà, màá máa bi í léèrè ará ilé. Gbogbo àwọn tó wà nídìí kántà yòókù, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Máníjà gan-an, èmi ni mo kọ́ ọ, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń gbé ìrẹsì lé ẹyin lórí. Títí di òní, tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ jẹun lọ́sàn-án, òun ló máa ń bá a jókòó sí kántà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, n ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ká máa pe òun ní Alága. Alága kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí òfin bẹ̀rẹ̀, ó kó gbogbo wa jọ sí yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ọjà sí, ó fẹ̀yìn ti àwọn páálí ọ̀rá tí wọ́n tò gòkè dé àjà.

"Ogójì páálí," ló wí. "Ṣé kí n dáná sun wọ́n nítorí káńsù ni?"

Ó ní ká yọ ọ̀rá kúrò lára ìkọ́ òkè, torí pé ibẹ̀ lojú gbogbo ayé wà. Ó ti ní kí káfíńtà kan ìṣó mọ́ abẹ́ kántà kọ̀ọ̀kan, lápá òsì, níbi tí orúnkún ń wà téèyàn bá jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀rá yóò máa wà, àwọn gbáàtúù ò ní rí i. Àwọn tó gbé mọ́tò ńlá wá, àwọn tó ń ra ẹrù bàsíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí inú wọn kò gbọdọ̀ bàjẹ́ sí wa, àwọn ni ká máa fún. Kí àwọn yòókù lọ wá àpò aṣọ.

Mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà sí mi. Ẹnu mi lè yan ẹni tó máa kí, ọwọ́ mi kì í yan. Tó bá ti lè mọ ọ̀nà ibẹ̀, ẹni tó bá ṣáà ti dúró níwájú mi ló máa fún."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kíákíá, fi omi díẹ̀ sí iná ọwọ́ ẹ." Lẹ́yìn náà ló le ojú koko. "Ṣùgbọ́n kó yé gbogbo yín o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fún ẹni tí kò yẹ, òun ló lẹjọ́. Èmi ò sí ńbẹ̀."

Ó yẹ kí n ní n ò ṣe. N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń pín ọ̀rá ìkọ̀kọ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Ìyá arúgbó kan wá lọ́jọ́ kẹrin, kò mú àpò dání, kò tíì gbọ́ nípa òfin. Ó kó agolo mílíìkì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, méjì já bọ́, wọ́n yí lọ sábẹ́ kántà kejì. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣeré lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fún un ní ọ̀rá méjì lójú ìyá yẹn. Ìyá náà wò mí. Mo bínú sí Alága lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló fún un? Èmi ni.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì mi ṣì ń nà sókè, á kan ìkọ́ tó ṣófo, á sọ̀ kalẹ̀ lásán, àwọn oníbàárà á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, ó ti gbàgbé òkè. Ó ti mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá bọ́ sí Sátidé, ọ̀sán gangan, èrò tò dé ìdí ìlẹ̀kùn. Obìnrin kan tó wọ díńgí ojú gbé bàsíkẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀: búrẹ́dì, ọṣẹ, mílíìkì, ẹyin. Mo mọ ojú rẹ̀, ó ti ń rajà lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Mo bi í bí ilé ti wà, ó ní eyín ń dun ọmọ òun obìnrin, mo ní kó fi omi oníyọ̀ fọ ẹnu rẹ̀, ó ní àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ń gbé ẹyin lé gbogbo rẹ̀ lórí ni mo tó rí i pé kò fèsì mọ́. Mo wo ọwọ́ mi. Ọ̀rá búlúù ni mo dì mú, ọjà rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ minimini.

Ó fa káàdì yọ lápò. Òṣìṣẹ́ káńsù ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Obìnrin Káńsù.

"Àǹtí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó fi ọjà náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó mú ọ̀rá lọ, ó ní òun máa padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, láti gbọ́ tẹnu wa. Ohun tí òfin wí kò ṣòro: tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló ni ọ̀rá, wọ́n á tì í pa fún oṣù kan gbáko. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló mú un wá láti ilé ara rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà nìkan ló máa jẹ́jọ́, wọ́n á lé e, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ ò rí i? Ta ni kò ní ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù wa nílé? Alága àti Máníjà ti rí ibi tí wọ́n máa gbà jáde kí Obìnrin Káńsù tó dé ìta.

Nígbà tí a ti ìlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, Máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀. Mo kà á: èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́wọ́ pé láti ilé mi ni mo ti mú ọ̀rá náà wá, pé ọ̀gá mi kò mọ̀ sí i, pé ṣọ́ọ̀bù yìí ti ń pa òfin mọ́ láti ọjọ́ kìíní.

"Ta ló jẹ́wọ́?" ni mo bi í.

"Àǹtí, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló ń ṣiṣẹ́ níbí. Tí wọ́n bá tì wá pa lóṣù kan, Alága ní òun ò ní san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ojú bá ti kúrò lára wa, a ó pè yín padà."

"Orí tí wọ́n bá fi fọ́ àgbọn, ìgbà wo ló jẹ níbẹ̀ rí?"

"Ẹ má bínú. Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀."

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé kò fi ibi kankan sọ ọ́, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pa òwe náà ló ṣe pa á. Ṣùgbọ́n n ò bímọ, ó sì mọ̀ pé n ò bímọ. Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un níwájú àwọn èèyàn torí pé ó jẹ́ ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo jáwọ́.

"Gbọ́ mi, ìwọ ọmọkùnrin yìí. Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ìṣó tó wà lábẹ́ kántà mi, ṣé ilé mi náà ni mo ti mú un wá? Lọ sọ fún Alága ẹ pé mo mọ ọwọ́ mi, kì í ṣe ọwọ́ olè."

Mo gbé àpò mi, mo jáde.

Àbúrò mi wá bá mi lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Kò rìn jìnnà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni a ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, nídìí ẹja àti ẹran. Èmi ni mo mú un débẹ̀. Èmi ni mo mú un dé ibi gbogbo. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá wa kú, èmi jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀, mo fọṣọ fún èèyàn, mo gbálẹ̀ fún èèyàn, òun ka ìwé tirẹ̀ débi tó kà á dé. Ó ti bí mẹ́ta báyìí. Ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, oṣù kẹrin rèé tó ti na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ pa férémù ìlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wọn fọwọ́ sí i."

"Wọ́n rán ẹ ni?"

"Wọn ò rán mi. Oṣù kan láìgbowó, kí ni màá fún àwọn ọmọ yẹn jẹ? Kí ni màá fi ra oògùn bàbá wọn?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò mú ọ̀rá kankan wá láti ilé."

"Mo mọ̀."

"O sì fẹ́ kí n kọ ọ́ pé mo mú un wá. Kí orúkọ mi wà nílé káńsù pé mo rú òfin, pé mo da ọ̀gá mi. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún."

"Orúkọ kì í pọn omi sílé, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi. "Ẹ̀yin, ẹnu ẹyọ kan lẹ ń bọ́. Kò sí ẹni tó ń retí yín. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, kí ló kù tó máa ṣe yín?"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú láyé mi. Àwọn oníbàárà ti bú mi, onílé ti bú mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí èyí. Ta ni mo bọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún? Ẹnu ta ni?

"Jáde," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn..."

"Mo ní kí o jáde kí n tó ju nǹkan lù ọ́."

Ó jáde. Mo mú ìgò omi kan, mo sọ ọ́ mọ́ ìlẹ̀kùn lẹ́yìn tó ti jáde. Ó jẹ́ ike, kò tiẹ̀ fọ́. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, ojú ilẹ̀ ń dán. Wọ́n ti kó ogójì páálí lọ, ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ti di ti páálí bisikíìtì. Mo fi ọwọ́ kan abẹ́ kántà mi: wọ́n ti fa ìṣó yọ, ihò rẹ̀ nìkan ló kù. Alága wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ gbagidi. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò jẹ́ wo ojú mi. Àbúrò mi wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó so épírọ́ọ̀nù ẹja rẹ̀ mọ́dìí.

Obìnrin Káńsù dé ní aago mẹ́wàá géérégé, ó fi ìwé àti bírò sórí kántà mi. Ó bi mí ta ló ni ọ̀rá. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ni. Mo sọ ti ìṣó, mo sọ ti ogójì páálí, mo sì sọ pé èmi náà ti pín in fún ọjọ́ mọ́kànlá, pé ọwọ́ mi náà kò mọ́. Alága mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá wọn lóhùn," ó wí. "Ogbó ti ń dé sí wọn. Máníjà, ẹ fún òṣìṣẹ́ káńsù níwèé yẹn."

Mo rò pé ìwé tí n kò fọwọ́ sí ni. Kì í ṣe òun. Ìwé mìíràn ni, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Obìnrin Káńsù kà á sókè: "Mo fi ojú mi rí ẹ̀gbọ́n mi tó kó ọ̀rá náà sínú àpò rẹ̀ nílé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́."

Kò tiẹ̀ dìgbà tó ka ìyókù. Mo ti rí ọwọ́ ìkọ̀wé náà láti ibi tí mo dúró. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń ṣubú sápá ọ̀tún. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, lórí tábìlì ilé ìdáná, tèmi náà ń ṣubú sápá ọ̀tún.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí débi pé n ò rí iwájú mi dáadáa. Mo fẹ́ sunkún, n ò jẹ́ sunkún níwájú Alága láéláé.

"Àǹtí," Obìnrin Káńsù ní, "àbúrò yín lẹ́rìí. Ṣé ẹ ní nǹkan kan láti fi kún un?"

Ibi ihò ìṣó yẹn ni ọkàn mi lọ.

"N kò ní ọ̀rọ̀ mọ́," ni mo wí. "Ọjà tí ẹ rà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò tíì gbé e. Ó wà lórí pẹpẹ níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí Máníjà bá yín kà á lójú ẹ̀rọ, kí ẹ wo bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kọ."

Alága rẹ́rìn-ín. "Kí lèyí já mọ́?" Ṣùgbọ́n Obìnrin Káńsù ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Máníjà bọ́ sórí àga mi. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun yá, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í kọ̀ kí wọ́n wo òun.

Mo lọ dúró sí ibi tí oníbàárà ń dúró sí. Mo kó ọjà síwájú rẹ̀, mo sì ṣe ohun tí oníbàárà ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

"Ìyá yín ńkọ́, Máníjà? Ẹsẹ̀ yẹn ti ń san?"

"Ó ti ń san díẹ̀díẹ̀." Ó gbé ojú sókè wò mí, bí mo ṣe kọ́ ọ. Píì.

"Ṣé wọ́n ń lo oògùn?"

"Wọn ò fẹ́ràn oògùn." Píì. "Ẹ mọ bí àwọn ìyá ṣe..." Píì.

Ọwọ́ òsì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ abẹ́ kántà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ó fọwọ́ wá a, kò bá nǹkan kan, ó sì jáde wá, ó gbọn afẹ́fẹ́ lásán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń la ẹnu ọ̀rá. Ó ti ń na ọwọ́ ọ̀tún sí búrẹ́dì kó tó mọ ohun tó ṣe.

Obìnrin Káńsù bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wá abẹ́ kántà títí ó fi kan ihò náà.

"Kí lẹ ń wá níbí, ọ̀gá?"

"Àṣà ni," Máníjà ní. Òógùn ti bò ó. "Àṣà ìgbà tí òfin kò tíì dé. Ọwọ́ kò tètè gbàgbé."

"Ẹ ṣeun," ni mo wí. "Ẹ̀yin Obìnrin Káńsù, ẹ ti ń rajà níbí tipẹ́. Kí òfin tó dé, níbo ni ọ̀rá máa ń wà?"

Ó na ìka sókè, sí ìkọ́ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó yí padà, ó wo Alága fún ìgbà pípẹ́. Alága ní òun fẹ́ pe lọ́yà òun, Obìnrin Káńsù ní kó máa pè é. Ó lọ sídìí kántà kìíní, kejì, ẹkẹrin, ó fọwọ́ wá abẹ́ wọn, ihò kan náà ló ń bá, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti borí. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu mi, n kò ní purọ́. Ìgbà náà ni Obìnrin Káńsù gbé ìwé ẹlẹ́rìí sókè.

"Ta ló kọ èyí?"

Àwọn òṣìṣẹ́ yà fún àbúrò mi. Ó rìn wá síwájú, ìpẹ́ ẹja ṣì wà lára ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn jẹ́rìí èké fún káńsù," Obìnrin Káńsù ní. "Ẹni tó bá ṣe é, ilé ẹjọ́ ló ń lọ, kò sì ní ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní gbogbo àdúgbò yìí mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ rí ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n kó ọ̀rá láti ilé?"

Àbúrò mi nu ọwọ́ mọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó wò mí. Mo wò ó padà. Mo fẹ́ kó dúró síbẹ̀ kó jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kó mọ bó ṣe máa ń rí kí ojú ti èèyàn láàárín èrò. Mo ń sọ nínú mi pé dáadáa náà ni, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni mo rò, mo sì rò ó tọkàntọkàn.

"Èmi ni mo ní kó kọ ọ́."

Ohùn mi ni. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀.

Obìnrin Káńsù bọ́ díńgí ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin?"

"Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó bá mi jẹ́rìí, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán wéré. Kò fẹ́ kọ ọ́, mo fi ipò ẹ̀gbọ́n mú un. Láàárọ̀ yìí ni mo yí ọkàn padà."

Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀, òun náà sì rí i pé mo mọ̀ pé ó mọ̀.

"Àǹtí, ẹ ti jàre. Ṣé ẹ mọ ohun tí màá kọ sílẹ̀ tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n fi ṣéènì sí i lẹ́nu. Oṣù kan péré, Alága á ṣí i padà, á tún ra aṣọ mìíràn lọ̀. Àwọn méjìlélógún yòókù kò ní gbowó oṣù, àbúrò mi wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n máa padà sí. Èmi ní tèmi, ilé ẹjọ́ ń dúró dè mí, n ò sì ní jókòó sídìí kántà kankan mọ́ ní àdúgbò yìí. Àwọn kan lára àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ pòṣé sí mi bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọ̀kan ní mo ti ba ti gbogbo wọn jẹ́ nítorí agídí. Mo ní kó lọ bá Alága rẹ̀ pòṣé.

Àbúrò mi tẹ̀ lé mi lẹ́yìn títí a fi jìnnà sí àwọn èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń sunkún, "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun..."

Mo yí padà sí i lójú títì.

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Irọ́ tí Alága bẹ̀ mí kí n pa, tí mo kọ̀, mo pa á fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí o bá tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, màá gbá ẹ létí níbí, kí gbogbo ayé wá wò wá."

Ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. A rìn délé, òun lẹ́yìn, èmi níwájú. Mo wọ yàrá mi, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo gbọ́ ọ tó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn mi, ó ń fa imú. N kò ṣí i. Inú ń bí mi débi pé n kò lè jókòó, mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé.

Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti yàrá kejì pé ebi ń pa òun. Kò dìde. Ọkọ rẹ̀ tún pè é. Mo pariwo láti inú ilé pé kó lọ dá ọkọ rẹ̀ lóhùn, pé ẹyin mẹ́ta wà nínú àwo mi, kó wá mú un kó lọ sè é fún wọn, kí ó sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi kí n tó jáde wá fi ìgbálẹ̀ lé e.